Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ "Àwá Dé"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo aphid, kòkòrò bíńtín tó ń fa omi ara ewéko mu. Ṣúgà pọ̀ nínú omi náà, ṣùgbọ́n àwọn amino acid tí kòkòrò náà ò lè dá ṣe kò tó níbẹ̀. Buchnera, bakitéríà tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 2000, Shuji Shigenobu àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ gbogbo jíìnì Buchnera jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yé ni: jíìnì fún amino acid tí aphid ò lè dá ṣe wà níbẹ̀, fún èyí tó lè dá ṣe, kò sí.

Àmọ́ ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Jíìnì àlejò nìkan ni wọ́n rí kà nígbà náà. Èyí tó ń parí leucine, isoleucine àti valine kò sí lára Buchnera. Nígbà tí jíìnì aphid jáde ní 2010, a rí i pé onílé ló ní irinṣẹ́ ìkẹyìn yẹn. Ìdí ààrò kan náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń dáná.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ nípa Buchnera ní Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àfòmọ́. Àfòmọ́ ń gbà, kì í fúnni. Àjọgbé ni.