Àwọn Tó Ń Ya Okùn Inú Ẹja Láàyè

Ẹni tó bá fẹ́ rí okùn kọ́lájìn, purotéènì tó ń di ara mú pọ̀, tẹ́lẹ̀, ẹran òkú ló máa ń gé pẹlẹbẹ, tí yóò rẹ ẹ́ láró. Ó ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n òkú kì í dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi gba tàwọn tó ń ya àwòrán zebrafish láàyè, ẹja kékeré ilẹ̀ Íńdíà tí George Streisinger sọ di ẹja yàrá ìwádìí ní Yunifásítì Oregon, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun, kí wọ́n tó tan léésà tí ojú kò rí sí i. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: kọ́lájìn kò nílò aró kankan. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ méjì tó bá kàn án yóò para pọ̀ di ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, okùn náà á sì tàn fúnra rẹ̀. Nínú awọ, àwọn okùn náà ń dábùú ara wọn ní ìpele ìpele, bí òwú lórí òfì. (Bí ẹja bá mì pẹ́nrẹ́n, àwòrán bàjẹ́ nìyẹn.) Wọ́n á dá a padà sómi, á dàgbà sí i, wọ́n á tún yà á. Ẹja kan náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: gígé òkú kò lè fúnni nírú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.