Ìwé Ìròyìn Tí Ń Jẹ́ "Ehuzu"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ kan wò. Ní 1974, Kérékou, olórí ológun, kéde ìlànà kọ́múníìsì ní Benin; ní 1975, ìwé ìròyìn ìjọba di Ehuzu, èyí ni "ó ti yí padà" ní èdè Fon. Orúkọ dídùn! Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn ìjọba nìkan ló ń sọ. Bàbá kan tó ti ọ̀hún wá tẹ̀dó sí Ṣakí sọ fún wa pé ńṣe ni àwọn máa ń bojú wẹ̀yìn kí àwọn tó lanu. Ní 1990, ó di La Nation. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà. Ṣùgbọ́n ní 2019, wọ́n sọ akọ̀ròyìn Ignace Sossou sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó gbé jáde. A bi bàbá yìí léèrè lẹ́yìn ìrun Alaasari. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun bá lọ kí ilé, òun ṣì ń bojú wẹ̀yìn.