Pápá Gọ́ọ̀fù ní Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá dé pápá Ouagadougou, kì í pẹ́ tí yóò fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ihò 18 tí ó yẹ kí ó wà ni ó pé. Ṣùgbọ́n orí yangí pupa ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìwọ̀nba koríko tí ó sì wà a gbẹ bí ọyẹ́ bá ti dé. Àyíká ihò gan-an, níbi tí koríko tútù ì bá wà, yanrìn tí a po mọ́ epo ni. Wọ́n a ní pápá aláìní ni. Ìdájọ́ náà kò tọ́.

Kò sí ẹnì kan tí ó jókòó ya àwòrán pápá àtijọ́ ti St Andrews ní Scotland. Yanrìn etí òkun, afẹ́fẹ́ àti àgùntàn tí ń jẹko ni ó là á sílẹ̀. Ní 1764 ni àwọn ènìyàn dín ihò ibẹ̀ kù láti 22 sí 18. Ohun tí ilẹ̀ fún wọn ni wọ́n lò. Yamoussoukro náà, ní Ivory Coast, lè ní pápá tútù, nítorí òjò ibẹ̀ pọ̀ jù ti òkè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ní Ouagadougou, láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òjò ọdún ń rọ̀, omi adágún tí a sé, bí Loumbila àti Ziga, sì ni ìlú ń mu. Bí koríko yóò bá tutù ní oṣù kẹta, omi ta ni a ó dà sí i?

Àléébù pápá oníyanrìn wà níbòmíràn. Ojú yanrìn wọ̀nyí a máa rí róbótó, a sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. A ó tún fi irin wọ́ ọ kí ó dán, kí agbábọ́ọ̀lù tó ta bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ọ̀nà yòówù kí bọ́ọ̀lù gbà dé ibẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni ó kù. Lórí koríko tí ó dà gẹ̀rẹ́, ẹni tí ó gba apá òdì wọlé yóò jìyà rẹ̀. Lórí yanrìn, kò sí ìyà. Nítorí náà, ojú ọ̀nà ni ó yẹ kí olùṣètò kó ọgbọ́n rẹ̀ sí: igi emi kan tí a dá sí ní igun, ojú àgbàrá tí a kò dí, gegele erùpẹ̀ níwájú yanrìn ní apá kan ṣoṣo. Kí àwọn ihò má sì kọjú sí ibì kan náà, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè ran ẹni lọ́wọ́ níhìn-ín, kí ó sì dí i lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Èyíkéyìí nínú wọn kò ná ìlú ní garawa omi kan.

Epo ni ó ṣòro jù. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, epo dúdú tí a tú kúrò nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń dà sí irú yanrìn bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ilẹ̀ a máa fà á mu, òjò a sì máa wọ́ ọ. Títí a ó fi rí ohun mìíràn tí yóò di yanrìn mú, ibi tí ó jìnnà sí kànga àti sí ojú àgbàrá ni kí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí.