Ìmọ́lẹ̀ Tí Í Jẹ́ Kí A Mọ Àgbà Lóru

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ni ó dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?", ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tí mo yàn láàyò, èyí tí í ṣe ètò ìmọ́lẹ̀ fún ìgboro, ọjà àti ojúde lóru. Bí a bá lè pe baba arúgbó ní "ìwọ" nítorí pé a kò rí ojú rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí òru ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn ju ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé lọ. Iyì rẹ̀ ni ó ń gbà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tan iná fún ará ìlú, iyì náà ni kí ó kọ́kọ́ dá padà fún wọn.

Ìdí nìyí tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí kì í fi í wọn ìmọ́lẹ̀ orí ilẹ̀ nìkan. A máa ń gbé òṣùwọ̀n wa sókè ní nǹkan bí mítà 1.5, níbi tí ojú ẹni tí ó dúró máa ń wà, a ó sì rí i dájú pé ẹni tí ó wà ní mítà 4 sí i lè dá a mọ̀, nítorí pé kí ìrìn díẹ̀ yẹn tó tán ni ọmọ tí a kọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin tí ń dá rìn sì ti mọ̀ bóyá kí òun yà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí iná bá ṣe mọ́lẹ̀ tó ni yóò ṣe dára tó, ṣùgbọ́n àṣejù, ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn rẹ̀. Òṣùpá àrànmọ́jú, arẹwà ojú ọ̀run, kì í fún ilẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tí ó tó lux 1 (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan), síbẹ̀ a ń rìn, a ń pàlọ́, a ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó tàn kárí, kò sì gún ẹnikẹ́ni lójú. Iná funfun gbòò tí a gbé kọ́ sórí òpó láìní ìbòrí, ẹ̀wẹ̀, a máa fọ́ni lójú, a sì máa sọ ibi tí kò tàn dé di òkùnkùn biribiri tí olè lè ba sí. Àgbàlagbà ni èyí ń ni lára jù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí í dé ìsàlẹ̀ ẹyinjú ẹni ọdún 60 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni ọdún 20 lọ, iná líle a sì tún máa fọ́n káàkiri nínú ẹyinjú rẹ̀ tí ó ti ń ṣú.

Ọjà alẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, níwájú ààfin, ni àpẹẹrẹ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ. Kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé, fìtílà ni ó ń jó lórí àtẹ olúkúlùkù, ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ẹrù, tí ó ń tan ẹ̀kọ àti àkàrà, tí ó sì ń tan ojú ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà, pẹ̀lú àwọ̀ pupa rúsúrúsú tí ó bá ara dúdú mu. Ìlànà kan náà ni mo ń tẹ̀lé lónìí: òpó kúkúrú, ìbòrí tí ó dojú iná kọ ilẹ̀, àti iná LED tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju Kelvin 3000 lọ lórí òṣùwọ̀n àwọ̀ iná, kí ó má baà funfun jù, tí yóò sì fi àlàárì hàn yàtọ̀ sí ẹtù, èyí tí iná sódíọ̀mù oníyẹ́lò àtijọ́ kò lè ṣe.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tí ìtọ́jú ìlú wà níkàáwọ́ yín, kí ẹ tó sanwó òpó iná, ẹ mú àgbàlagbà kan rìn lábẹ́ rẹ̀ lálẹ́, kí ọmọdé kan sì ti òdìkejì bọ̀. Bí ọmọ náà bá kí i bí ó ti yẹ kí a kí àgbà, kí wọ́n tó pàdé, owó ìlú kò ṣòfò.