Ogún Tí Kò Kárí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, níbi òde ọjọ́ ìbí kan ní Deer Park, lẹ́bàá Houston, mo gbọ́ tí bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń sọ fáwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Kò sí àrùn ọkàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Texas kan náà, ní Dallas, Jonathan Cohen, Helen Hobbs àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí lórí jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9. Ẹ̀dọ̀ wa ní ohun tó dà bí ọwọ́, tó fi ń kó ọ̀rá cholesterol kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. PCSK9 ló máa ń dín àwọn ọwọ́ yẹn kù. Àwọn kan wà tí ẹ̀dà kan jíìnì náà kò ṣiṣẹ́ lára wọn látìgbà tí wọ́n ti bí wọn: ọ̀rá kì í pọ̀ lẹ́jẹ̀ wọn, iṣan ọkàn wọn kì í sì í tètè dí. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, wọ́n wo aláwọ̀ dúdú 3,363 tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún 15. Ewu àrùn iṣan ọkàn fi ìdá 88 nínú 100 kéré lára àwọn tó ní ogún yìí.

Níbo wá ni bàbá ti ṣìnà? Nínú ọ̀rọ̀ kékeré nì, "àwa". Ìdá 2.6 péré nínú 100 ló ní i! Ẹ ò rí i pé ogún oko kòkó ni: ẹni tí wọ́n pín in fún ló ni ín. Kódà, ọmọ ẹni tó ní i lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀. Jíìnì yìí kò sì ní kí ẹ̀jẹ̀ má ru.

Láti 2015 ni abẹ́rẹ́ tó ń dí PCSK9 lọ́wọ́ ti wà ní Amẹ́ríkà. Ogún àwọn díẹ̀ ti di oògùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ẹni tí kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kò lè mọ̀ bóyá òun nílò rẹ̀.

Nítorí náà, bí bàbá yín àgbà bá tún sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wá bi wọ́n pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ni 'àwa' yẹn? Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."