Ìwé Méjì àti Sinimá Kan Lórí Ìdánìkanwà

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé kí oníkálùkù jókòó sí ilé rẹ̀ ní Èkó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní Àbújá nítorí àrùn kòrónà, àwa mẹ́jọ ni a wà nínú yàrá méjì ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìwé àti sinimá ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, pé kí n fi wọ́n dára yá. Gbogbo wọn ni ó dá lórí ẹni tí ó dá wà: ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, ẹni tí a jù sí àhámọ́, ẹni tí ó sọnù sínú aṣálẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Èwo ni ìdánìkanwà níbi tí ènìyàn kò ti rí ibi na ẹsẹ̀ sí? Síbẹ̀ mo ka díẹ̀ nínú wọn, mo sì tún wọn kà ní ọdún yìí nítorí ẹ̀kọ́ èdè tí mo ń kọ́, mo sì wá rí i pé ojú tí mo fi wò wọ́n nígbà náà kò ríran tó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ọdún 1719 ni Daniel Defoe gbé Robinson Crusoe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀, yóò sọ fún yín pé ọkùnrin kan ni ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ lójú òkun, tí ó dá gbé ní erékùṣù, tí ó ń sin ewúrẹ́, tí ó sì fi awọ ẹran ṣe agbòjò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́: ìwé ìforítì ni, wọ́n ní kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Guinea ni ó ń lọ. Ẹrú ni ó ń lọ rà. Crusoe ní oko ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wọn lọ kó ènìyàn dúdú wá ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè pín in láàárín ara wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1659 ni ó wọ ọkọ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di aládàágbé. Bahia yìí kan náà ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ayé àwọn baba ńlá wa. Defoe kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó kọ ọ́ kedere. Àwa tí ń kà á ni a máa ń fò ó. Ọdún 28 ni Crusoe lò ní erékùṣù yìí, ó sì ní àyè láti ronú gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń kábàámọ̀ ìrìn-àjò náà, ohun tí ó ń dùn ún ni pé ó kánjú: ì bá ṣe sùúrù, kí ó máa ra ẹrú ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Xury ńkọ́, ọmọdékùnrin tí wọ́n jọ sá kúrò nínú ìgbèkùn? Ọgọ́ta owó fàdákà ni ó tà á fún ọ̀gákọ̀ kan. Nígbà tí ó tún rántí rẹ̀, iṣẹ́ oko ni ó mú un rántí.

Ẹnìkan yóò wí pé ayé ìgbà náà ni. Mo gbà. N kò ní kí a sun ìwé náà níná. Ta ni ó lè gbàgbé ibi tí ohùn kan ti pe Crusoe ní orúkọ lójú oorun, tí ẹ̀rù bà á dé ọkàn, tí ó sì wá rí i pé ayékòótọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ọ̀rọ̀ ni? Ibẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn gidi dé, tí ó fi ọjọ́ tí ó gbà á là sọ ọ́ ní Friday, kò bi í léèrè orúkọ tí ìyá àti bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ó kọ́ ọ kí ó máa pe òun ní Ọ̀gá. Àwọn méjì ni wọ́n wà ní erékùṣù wàyí, èdè ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ. Lójú tèmi, ìdánìkanwà Crusoe kò tí ì tán ní ọjọ́ náà.

Ẹ wá gbé ìwé ọmọ Abẹ́òkúta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: My Life in the Bush of Ghosts, tí Amos Tutùọlá kọ, tí Faber sì tẹ̀ ní ọdún 1954. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí mọ́ ìwé ìdánìkanwà, nítorí pé iwin kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọmọ ọdún méje ni akọni inú rẹ̀. Ìkórìíra àwọn orogún ìyá rẹ̀ wà nílé, àwọn akónilẹ́rú dé sí ìlú, ni ó bá sá wọ inú igbó, ó sì lo ọdún 24 níbẹ̀. Ó fẹ́ aya láàárín àwọn iwin, ó dé ìlú wọn, ó rí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ẹni tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di màlúù, wọ́n sọ ọ́ di ẹṣin, ó sì ń wá ọ̀nà ilé. Ọ̀kan ń lọ ra ẹrú, èkejì ń sá fún akónilẹ́rú: òwò kan náà ni ó lé àwọn méjèèjì kúrò láàárín ènìyàn. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe padà. Crusoe dé, ó bá owó oko rẹ̀ tí ó ti di rẹpẹtẹ. Ọmọ ti Tutùọlá dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ sá fún ogun rà á lẹ́rú, kò sì mọ̀ ọ́n.

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ìwé náà gùn jù ní àárín; iwin kan kò tí ì kúrò lọ́nà tí òmíràn fi ń dé, mo sì fo ojú ewé bíi mélòó kan. Ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, èdè Yorùbá ni mo ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀, n kò sì rí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Sinimá náà ni Cast Away, tí Robert Zemeckis ṣe ní ọdún 2000, tí Tom Hanks sì kó ipa ẹni tí bàálù rẹ̀ já sínú òkun Pàsífíìkì, tí ó lo ọdún mẹ́rin ní erékùṣù. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò sí orin kankan ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà níbẹ̀. Ìró omi àti atẹ́gùn nìkan ni. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ya ojú sí ara bọ́ọ̀lù kan, ó sọ ọ́ ní Wilson, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń bá a jà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a wò ó nílé, àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi kò lè rín in. Màmá wa àgbà ń dá gbé ní Ìtòkò nígbà náà, a kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí a bá pè wọ́n lórí fóònù, a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń dá ẹni tí ń ka ìròyìn lóhùn nínú rédíò, tí wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, tí wọ́n sì ń bi í bóyá ó ti jẹun. Nígbà tí ọ̀nà là ní oṣù karùn-ún tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ní kí n rọra dúró ná, kí ọ̀rọ̀ àwọn parí.

Ìparí sinimá náà dùn jù fún mi, pàápàá obìnrin tí ó yọ sí i ní oríta. Ibi tí ó yẹ kí ó ti parí ni yàrá òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ọkùnrin náà ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, tí ó dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀, tí ó ń tan iná tí ó sì ń pa á.

Ìwé Tutùọlá tí mo kà ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Kí ẹni tí ó bá yá a má ṣe pẹ́ kí ó tó dá a padà.