Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Àfiwé Android, iOS àti Àwọn Ètò-Ìdarí Fóònù Mìíràn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ètò tí ó ń darí fóònù ìgbàlódé. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ni pé owó ni ó ya Android àti iOS sọ́tọ̀, pé ti olówó ni ọ̀kan, ti mẹ̀kúnnù ni èkejì. Iṣẹ́ yìí tako èrò náà. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ó tọ́ sí olùkọ́ èdè ni ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni ó lè fi nǹkan kún un, ta ni ó sì ń pinnu ọjọ́ tí yóò kú?

Ìfáàrà

Kò sí àní-àní pé fóònù alágbèéká ti di ohun èlò ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí ìpè GSM bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ni iṣẹ́ fóònù. Lónìí, inú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìwé, inú rẹ̀ ni olùkọ́ ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, inú rẹ̀ kan náà sì ni owó ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ ra fóònù, bí ojú rẹ̀ ti ń dán tó àti bí kámẹ́rà rẹ̀ ti mọ́ tó ni ó máa ń wò. Ohun tí ó wà lábẹ́ ojú dídán yẹn kì í sábà wá sí ọkàn olùrajà.

Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí pè ní ètò-ìdarí. Ètò-ìdarí ni baálé inú fóònù. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún kámẹ́rà, bátìrì àti ojú fóònù. Òun náà ni ó ń pinnu áàpù tí yóò wọlé àti èyí tí yóò dúró síta. Ẹni tí ó bá ra fóònù ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ baálé kan, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Òṣùwọ̀n Àgbéyẹ̀wò

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí lò. Èkíní ni àǹfààní tí olùlò ní láti fi nǹkan kún ètò náà, pàápàá ohun tí ó jẹ mọ́ èdè. Èkejì ni ọjọ́ orí: ọdún mélòó ni ẹni tí ó ṣe ètò náà yóò fi máa tún un ṣe, kí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì má baà rí ihò wọlé? Ẹ̀kẹta ni bí àwọn áàpù tí iṣẹ́ òòjọ́ kò lè ṣe aláìní ti pọ̀ tó lórí rẹ̀. Iye owó kò sí lára àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni ènìyàn ń sanwó fóònù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni yóò máa bá ètò-ìdarí rẹ̀ gbé.

Android àti iOS: Ilé Títì àti Ilé Ṣíṣí?

Ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Apple ní Amẹ́ríkà gbé iPhone jáde. Ètò-ìdarí rẹ̀ ni iOS, kò sì sí lórí fóònù ilé-iṣẹ́ mìíràn kankan. Apple ni ó ṣe fóònù, òun ni ó ṣe ètò, òun náà ni ó sì ni ọjà áàpù tí ó ṣí ní ọdún 2008. Ọ̀nà ti Android yàtọ̀. Google ra ilé-iṣẹ́ kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2005, fóònù Android àkọ́kọ́ sì dé orí àtẹ ní ọdún 2008. Orí Linux, iṣẹ́ tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ni wọ́n mọ ọ́n lé. Kóòdù ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, ilé-iṣẹ́ tí ó bá wù sì lè mú un lò. Ìdí nìyí tí Tecno, Infinix àti itel, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Transsion ní ilẹ̀ Ṣáínà, fi lè gbé fóònù olówó pọ́ọ́kú wọ ọjà Áfíríkà. HiOS àti XOS tí olùlò ń rí lójú àwọn fóònù wọ̀nyí kì í ṣe ètò mìíràn. Ẹ̀wù ni wọ́n jẹ́ lọ́rùn Android.

Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé ilé títì ni iOS, ilé ṣíṣí sì ni Android. Ọ̀rọ̀ náà kò jinlẹ̀ tó. Ilé oníyàrá méjì ni Android. Yàrá ìta, èyí tíí ṣe kóòdù ìpìlẹ̀, wà ní ṣíṣí fún gbogbo ayé. Yàrá inú ni ọjà áàpù Google, àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ètò abẹ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ áàpù gbára lé. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí kò kúrò lọ́wọ́ Google rí. Ẹ̀rí èyí hàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de òwò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Huawei ti ilẹ̀ Ṣáínà. Kò sí ẹni tí ó gba kóòdù ìpìlẹ̀ Android lọ́wọ́ Huawei, ṣùgbọ́n àwọn fóònù tuntun rẹ̀ kò rí ọjà áàpù Google lò mọ́. Ó wá hàn pé fóònù tí ó ní yàrá ìta nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ wu oníbàárà lẹ́yìn odi ilẹ̀ Ṣáínà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 4.34 yúrò lé Google nítorí àwọn àdéhùn tí ó fi ń so àwọn tí ń ṣe fóònù mọ́lẹ̀; ilé-ẹjọ́ dín in kù sí bílíọ̀nù 4.125 ní ọdún 2022.

Bí òṣùwọ̀n bá kan ọjọ́ orí, ilé títì ni ó tún borí. iPhone 6s tí ó jáde ní ọdún 2015 gba iOS 15 ní ọdún 2021. Ní ti Android, Google ṣe ìlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní ọdún 2023, Samsung sì ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n fóònù olówó ńlá ni àwọn wọ̀nyí. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ni nìyí: ẹni tí kò lówó láti ra fóònù mìíràn ni ètò fóònù rẹ̀ ń tètè darúgbó.

Àwọn Ètò Àfidípò: Àwọn Òkú àti Àwọn Alààyè

Àwọn kan ń dá a lábàá pé kí àwọn ènìyàn pa Android àti iOS tì, kí wọ́n wá òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni tó gba ìmọ̀ràn yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo sàréè àwọn tí ó ti lọ. Symbian ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Nokia kí ilé-iṣẹ́ náà tó kéde ní oṣù kejì ọdún 2011 pé Windows Phone ti Microsoft ni òun yóò máa lò. Windows Phone náà kò pẹ́. Ìtọ́jú èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìran rẹ̀ dópin ní oṣù kìíní ọdún 2020. Firefox OS tí Mozilla gbé jáde ní ọdún 2013 kò lò ju ọdún méjì àti ààbọ̀ lọ kí wọ́n tó kéde pé kò ní sí lórí fóònù mọ́. Ní ti BlackBerry, ó ní ìgbà kan tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà píìnì rẹ̀ ni ọ̀dọ́ Nàìjíríà fi ń yangàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ náà pa àwọn ètò tí àwọn fóònù rẹ̀ àtijọ́ gbára lé, kò sì sí ìdánilójú mọ́ pé wọ́n lè pè tàbí kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Àwọn fóònù náà kò bàjẹ́. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ ni ó ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe àìdára ni ó pa gbogbo àwọn wọ̀nyí. Windows Phone mọ́ lójú, ó sì yára. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Áàpù ni àkísà tí ètò tuntun kì í ní. Àwọn tí ń ṣe áàpù kì í fẹ́ lọ síbi tí olùlò kò sí, olùlò kì í sì í fẹ́ lọ síbi tí áàpù kò sí.

Nínú àwọn alààyè, KaiOS ni ó súnmọ́ mẹ̀kúnnù jù. Inú Firefox OS ni ó ti jáde, orí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni ó sì wà. Ṣùgbọ́n WhatsApp fi í sílẹ̀ ní ọdún 2025, èyí sì gba púpọ̀ nínú ìwúlò rẹ̀ lọ. Sailfish OS ti ilé-iṣẹ́ Jolla ní ilẹ̀ Finland ṣì wà. Ubuntu Touch náà wà. Àwọn olùyọ̀ǹda ni ó gbé e dìde nígbà tí ilé-iṣẹ́ Canonical pa á tì ní ọdún 2017. LineageOS ni ó tọ́ sí àfiyèsí jù. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ń mú kóòdù ìpìlẹ̀ Android, tí wọ́n ń fi í sọ fóònù tí ilé-iṣẹ́ ti pa tì di ọ̀tun. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo fóònù ni ó bá mu, áàpù báńkì mìíràn kì í sì í gbà láti ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí wọ́n ti ṣí ìdè rẹ̀.

Èdè Yorùbá Nínú Fóònù

Òṣùwọ̀n èdè ni ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ “oko” láìsí àmì lè ní oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ lọ́kàn. Kí ó tó lè kọ ọ́ bí ó ti yẹ lórí fóònù, ó gbọ́dọ̀ ní kíbọọ̀dù tí ó mọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Láti ọdún 2009 ni Android ti gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ṣe kíbọọ̀dù tirẹ̀ kí ó sì fi í sórí fóònù. Ọdún 2014 ni iOS tó ṣe bẹ́ẹ̀. Odidi ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó ní iPhone fi ń dúró de ohun tí Apple bá fún un, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tí fóònù rẹ̀ kò wọ́n ti lè fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. Lónìí, Gboard ti Google ní Yorùbá, Keyman ti àjọ SIL náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Android àti iOS.

Síbẹ̀, ìṣòro kan wà tí kò mọ Android yàtọ̀ sí iOS. Nínú Unicode, tíí ṣe òǹkà tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; lẹ́tà àti àmì ni fóònù yóò so pọ̀. Bí ìrísí lẹ́tà tí ó wà nínú fóònù kò bá dára, àmì a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bákan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ GSM gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ tàbí ọ ẹyọ kan bá ti wọ inú rẹ̀, 70 péré ni yóò gbà. Owó kíkọ Yorùbá bí ó ti yẹ wá pọ̀ ju owó kíkọ ọ́ níkọkúkọ lọ. Ẹni tí ó bá ní àìnáání nìkan ni ó mú kí ọ̀dọ́ máa kọ Yorùbá láìsí àmì kò tíì wo inú fóònù.

Ìgúnlẹ̀

Àfiwé yìí fi hàn pé kò sí ètò-ìdarí kan tí ó borí lórí òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. iOS ń pẹ́ láyé ṣùgbọ́n ó ń ti ilẹ̀kùn. Android ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó sì ń tètè pa ọmọ mẹ̀kúnnù tì. Àwọn àfidípò ní òmìnira ṣùgbọ́n áàpù wọn kò tó. Nítorí náà, sísá kúrò lábẹ́ baálé kan lọ sábẹ́ òmíràn kọ́ ni àbáyọ. Àbáyọ ni kí òmìnira tí ó wà nílẹ̀ má ṣe bọ́ sọnù. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ni ó mú kí Apple gba ọjà áàpù mìíràn láàyè níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Google kéde ètò tirẹ̀ láti béèrè ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe áàpù fún Android, títí kan àwọn tí kò gbé iṣẹ́ wọn gba inú ọjà rẹ̀. Ilẹ̀kùn títì lè ṣí, èyí tí ó ṣí náà sì lè padé.

Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá béèrè iye ọdún ìtọ́jú kí ó tó sanwó fóònù. Ó yẹ kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń fi kíbọọ̀dù Yorùbá kún fóònù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ́ wọn ní àkọtọ́. Ó yẹ kí ó tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbi tí ó fi lè kó o kúrò lórí fóònù kan lọ sórí òmíràn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Bí èdè Yorùbá kò bá tíì lè rán ṣòkòtò tirẹ̀, ó kéré tán, kí abẹ́rẹ́ àti òwú má ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.